Kùkúńbà Abẹ́ Ọ̀rá

Kùkúńbà kì í sùn. Èyí tó rí tín-ín-rín bí ìka ọwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí òdòdó gbígbẹ ṣì wà ní ṣóńṣó rẹ̀, bó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti kún ọwọ́. Nínú ilé ọ̀gbìn tí wọ́n fi ọ̀rá bò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé tí ooru kò sì ríbi jáde, ó tún máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbìn ín fi ń ká a lọ́jọ́ méjì-méjì, bó pẹ́ tán, ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ikùn rẹ̀ á yọ, kóró inú rẹ̀ á le, oníbàárà á yí i wò lẹ́ẹ̀kan, á sì gbé e padà sórí àtẹ.

Mo wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lápá Ògùn lọ́jọ́ kan, tí òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni òjò pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Bó bá ti fọwọ́ kan ewé báyìí, àwọn kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ á tú jáde lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni gbọn àpò fúláwà. Ó fín ìlà kan dé òpin, ó yí padà, ó fín èkejì. Nígbà tó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀, mo bi í pé ìgbà wo ló máa ká àwọn tó ti tó ká. Ó ní ọ̀tunla, pé ẹni tó máa wá kó o ti fowó sílẹ̀. Mo ní kó gbé ìgò oògùn náà wá kí n rí i. Lẹ́tà ara rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Mo gbé e sún mọ́ ojú títí kí n tó rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí: ọjọ́ 7 gbọ́dọ̀ wà láàárín fífín àti kíká.

“Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n,” ó wí. “Kùkúńbà ni kò mọ̀.”

Èsì yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ta ló jókòó tó kọ 7 yẹn? Kí ló dé tí kì í ṣe 3 tàbí 14? Nọ́ńbà kan tún wà tí kì í sí lára ìgò, èyí tí àwọn aláyẹ̀wò máa ń gbé síwájú nígbà tí ẹrù bá dé èbúté: pé oògùn báyìí kò gbọ́dọ̀ ju 0.5 mílígíráàmù lọ nínú kílò kùkúńbà kan. Ibo ni wọ́n ti rí ìyẹn náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ni ààlà tó wà láàárín oúnjẹ àti májèlé, pé ẹni tó jẹ 0.4 á yè, ẹni tó jẹ 0.6 á kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ikùn ẹni tó ń jẹun kọ́ ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà yẹn, oko ni. Ohun tó kọ́kọ́ ń jẹ́rìí sí ni ọwọ́ àgbẹ̀: ṣé ó fín oògùn bí wọ́n ṣe ní kó fín in, àbí ó ṣe tinú ara rẹ̀? Ikùn ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Kí apakòkòrò kan tó gba ìwé àṣẹ, wọ́n ní láti fi í sínú oúnjẹ ẹran àyẹ̀wò, tó sábà máa ń jẹ́ eku, fún oṣù tàbí ọdún. Agbo kan á jẹ púpọ̀, agbo kan á jẹ díẹ̀, agbo kan kò ní jẹ rárá. Wọ́n á wá yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò, wọ́n á yẹ kíndìnrín àti ọpọlọ wò, wọ́n á wo ọmọ tí wọ́n bí. Ìwọ̀n tó ga jù tí wọn kò ti rí ìpalára kankan ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á sì pín in sí ọ̀nà 100.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé 100 yìí jẹ́ àwárí ìjìnlẹ̀. Àdéhùn ọlọ́gbọ́n ni. Ní 1954, Arnold Lehman àti Garth Fitzhugh, tí wọ́n wà ní FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé e jáde. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe fún un títí dòní ni pé ìlọ́po 10 wà fún pé májèlé lè tètè pa ara èèyàn lára ju ti eku lọ, ìlọ́po 10 kejì sì wà fún pé àwa èèyàn fúnra wa ò dọ́gba: aboyún ń bẹ, ọmọ ọwọ́ ń bẹ, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún 80 ọdún náà ń bẹ. René Truhaut, onímọ̀ májèlé ará Faransé, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò: ìwọ̀n tí èèyàn lè jẹ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ kó má ṣe é ní nǹkan kan.

Ká fi í ṣe ìṣirò. Ká ní eku jẹ mílígíráàmù 5 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, tí ohunkóhun ò ṣe é. Pín in sí 100, ó di 0.05. Àgbàlagbà tó wọn kílò 60 lè jẹ mílígíráàmù 3 lójúmọ́ nìyẹn. Ọmọ tó wọn kílò 15, 0.75.

Àmọ́ oògùn kan wà tí kì í dúró de ọdún. Lóṣù Keje 1985, nígbà tí àwọn ará California ń ṣe ọdún òmìnira wọn, wọ́n jẹ bàrà olómi bí wọ́n ṣe máa ń jẹ ẹ́. Aldicarb, oògùn kan tí òfin ò gbà pé kí wọ́n lò lórí bàrà rárá, ti wọ inú àwọn kan lára rẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, àwọn èèyàn ń bì, òógùn ń bò wọ́n, ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Àwọn tó kan lé ní ẹgbẹ̀rún kó tó rọlẹ̀. Nítorí irú èyí ni wọ́n fi ní ìwọ̀n kejì fún àwọn oògùn tó ń tètè jà: iye tí èèyàn lè jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìjókòó kan tàbí lọ́jọ́ kan. Ìwọ̀n kejì yìí ló máa ń ká ẹ̀fọ́ àti èso lọ́wọ́ kò jù, torí pé bí wọ́n bá lọ kùkúńbà 12 pọ̀ tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, àròpọ̀ ni wọ́n rí. Ọ̀kan nínú wọn lè gbé ìlọ́po mẹ́ta ohun tí àròpọ̀ sọ, ẹnì kan sì ni yóò jẹ odindi ọ̀kan yẹn. Àwọn tó ń ṣírò fún Codex máa ń fi ìlọ́po mẹ́ta yìí sí i.

Ó ku oko. Codex tí mo dárúkọ yìí ni ìgbìmọ̀ tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jọ dá sílẹ̀ láti máa kọ òdiwọ̀n oúnjẹ fún gbogbo àgbáyé. Róòmù ló ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1963. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí àṣẹ́kù oògùn lára oúnjẹ wà lọ́wọ́ Netherlands fún bí ogójì ọdún, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Ṣáínà ní 2007. Ìjókòó gígùn ni wọ́n máa ń jókòó, kí orílẹ̀-èdè kan fẹ́ 0.2, kí èkejì fẹ́ 1, kí wọ́n sì fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ kí wọ́n tó jókòó, ẹnì kan ti ní láti lọ bá kùkúńbà nínú oko.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á mú oko tó pọ̀ díẹ̀. Mẹ́jọ ló wọ́pọ̀ fún ohun ọ̀gbìn ńlá. Wọ́n á fín oògùn náà bí òfin bá ṣe gbà kó pọ̀ tó: ìwọ̀n tó ga jù, iye ìgbà tó pọ̀ jù, kí ọjọ́ tó wà láàárín fífín àti kíká sì kéré jù. Ìlò tó wúwo jù nínú ìlò ẹ̀tọ́ ni. Wọ́n á ká èso lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á ká a lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ keje, títí lọ. Wọn kò ní fọ̀ ọ́, wọn kò ní bó o. Wọ́n á já ọrùn rẹ̀ kúrò, wọ́n á kó o sínú yìnyín, ó di láàbù.

Ní Yúróòpù, oko ìta gbangba pín sí méjì, ti àríwá àti ti gúúsù, torí òjò àti oòrùn wọn ò rí bákan náà. Ṣùgbọ́n fún ilé ọ̀gbìn, wọn ò pín in. Finland àti Spéènì, ọ̀kan náà ni. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ ọ̀rá ti kúrò nílùú tó wà.

Ká ní èsì oko mẹ́jọ náà lọ́jọ́ keje rèé, mílígíráàmù nínú kílò: 0.08, 0.10, 0.12, 0.15, 0.16, 0.20, 0.22, 0.29. Èyí tó ga jù ni 0.29. Ṣé òun ni wọ́n á wá kọ sófin? Rárá. Oko mẹ́jọ ò lè ṣojú fún gbogbo oko ayé; olóòótọ́ àgbẹ̀ kan lè wà níbì kan tí tirẹ̀ á jẹ́ 0.35, láìṣẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò tí àjọ OECD ṣètò, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, máa ń wo ọ̀nà mẹ́ta, á sì mú èyí tó bá ga jù: èsì tó ga jù lọ, tàbí àárín èsì pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́rin bí àwọn èsì náà ṣe fọ́n ká sí, tàbí ìlọ́po mẹ́ta àárín. Nínú èyí tí mo kọ sílẹ̀, àárín jẹ́ 0.165, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 0.495, òun ló sì ga jù. Wọ́n á sọ ọ́ di 0.5. Bí nọ́ńbà tí ẹ̀ ń rí nínú ìwé òfin ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò tíì sí ẹni tó bi ikùn léèrè.

Ìgbà yìí ni wọ́n á tó bi í. Wọ́n á mú èsì tó wà láàárín gbùngbùn, wọ́n á fi ìwọ̀n kùkúńbà tí àwọn èèyàn ń jẹ lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á ro ti tòmátì mọ́ ọn, ti tàtàṣé, ti gbogbo ohun mìíràn tí oògùn kan náà bá wà lára rẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju ohun tí ara lè gbà lọ, wọn kò ní fa ti ara gùn láti bá ti oko mu. Oko ni wọ́n á padà sí: wọ́n á dín oògùn kù, wọ́n á sọ ọjọ́ 7 di 14, tàbí kí wọ́n ní ẹ má lò ó lórí kùkúńbà mọ́. Àmọ́ bí àpapọ̀ bá kéré gan-an sí ohun tí ara lè gbà, wọn kò tún ní torí ìyẹn gbé 0.5 lọ sí 5. Wọ́n á fi í síbi tó wà. Kò sídìí kankan láti gba ọ̀gbẹ́ni kan láyè pé kó dà ju bó ṣe nílò lọ sórí oúnjẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń da àwọn oníròyìn rú rèé. Ẹni tó jẹ gíráàmù 100 kùkúńbà tó ní 0.6 mílígíráàmù nínú kílò, 0.06 mílígíráàmù ló gbé mì, nígbà tí ara rẹ̀ lè gba 3. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Síbẹ̀ kùkúńbà náà ti rú òfin, ó sì yẹ kí wọ́n dá a padà, torí ó ń sọ pé ẹnì kan níbì kan ò ka ara ìgò. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ohun tí kò rú òfin lára ẹ̀fọ́ kan kò fi dandan jẹ́ pé ó dára fún gbogbo ènìyàn títí láé. Òfin ń ka oògùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ikùn kò kà wọ́n lọ́tọ̀. Ní Yúróòpù, àjọ EFSA, tó ń rí sí ààbò oúnjẹ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò àwọn tó ń bá iṣan ọpọlọ jà pọ̀, ó gbé èsì àkọ́kọ́ jáde ní 2020, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ṣì ń rìn ní ìrìn ìgbín.

Kí wá ni ọ̀rá ń ṣe nínú gbogbo èyí?

Lóko gbangba, òjò ń fọ oògùn kúrò lára ewé. Atẹ́gùn ń gbé díẹ̀ lọ. Oòrùn ń gé oògùn sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ìtànṣán kan tí ojú wa ò rí, irú èyí tó ń mú kí aṣọ tí a sá sóòrùn ṣá. Lábẹ́ ọ̀rá, kò sójò. Ẹsẹ̀ igi ni omi ń dé nípasẹ̀ ọ̀pá tín-ín-rín. Atẹ́gùn kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ọ̀gbìn sì ń dí ìtànṣán yẹn, torí bí kò bá dí i, ọ̀rá náà fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ gbó. Ìyẹn ni pé mẹ́ta nínú àwọn ọ̀tá àṣẹ́kù oògùn ti dúró síta. Ooru nìkan ló kù, tó ń jẹ́ kí oògùn mìíràn tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ àwọn yòókù. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tí wọ́n wọn lóko gbangba fi lè máà wúlò fún ti abẹ́ ọ̀rá rárá, tí wọ́n sì ń wọn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Síbẹ̀ ohun kan ń ran kùkúńbà lọ́wọ́ tí kò ran tàtàṣé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó ń sọ ọ́ fún àgbẹ̀. Ká ní kùkúńbà kan wọn gíráàmù 50 lọ́jọ́ tí wọ́n fín in, tí oògùn ara rẹ̀ jẹ́ 0.1 mílígíráàmù. Bí a bá sọ ọ́ di ti kílò, 2 mílígíráàmù ni, ó ga. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà kùkúńbà náà ti di gíráàmù 300. Ká tilẹ̀ ní oògùn náà kò dín rárá, ó ti di nǹkan bí 0.33 nínú kílò. Oògùn ò lọ síbì kankan. Omi àti ẹran ara kùkúńbà ló pọ̀ sí i, bí ìgbà tí èèyàn bomi lu ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù. Tàtàṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á tóbi tán ní tútù, á wá so rọ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè pọ́n. Ohun tí wọ́n bá fín sí i nígbà yẹn, kò ní ẹran tuntun tó máa bomi là á.

Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ tí mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Mo ní ìgbà wo ló máa ká àwọn tó ti tó ká. Àwọn yẹn gan-an ni kò ní dàgbà mọ́, tí oògùn ara wọn kò sì ní là. Èyí tó dà bí ìka, tí ọjọ́ méje rẹ̀ kò ní pé kó tó kún ọwọ́, ó lè bọ́ lọ́wọ́ oògùn ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìtóbi tún wà níbẹ̀. Kó kílò tòmátì ńlá kan sínú igbá, kó kílò tòmátì wẹ́wẹ́ sínú òmíràn. Igbá kejì ló ní awọ jù, oògùn sì rèé, ara awọ ló ń bà sí. Bákan náà ni ata rodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtàṣé. Tí wọ́n bá tún wá sá ata gbẹ, omi nìkan ló ń lọ. Nígbà tí Codex kò bá ní àyẹ̀wò ata gbígbẹ lọ́wọ́, ó máa ń mú nọ́ńbà ata tútù, á sọ ọ́ di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ kó tó lò ó. Ẹni tó ń ra ata gígún nínú ọ̀rá lọ sí London kó fi èyí sọ́kàn.

Ní Almería, ní gúúsù Spéènì, ilé ọ̀rá bo ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà 30,000. Ọ̀pọ̀ tàtàṣé tí Jámánì ń jẹ nígbà òtútù, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ní ìparí 2006, àwọn láàbù ní Jámánì rí isofenphos-methyl lára tàtàṣé wọn. Oògùn náà kò ní ìwé àṣẹ ní Spéènì. Kò sí ìwọ̀n ẹ̀tọ́ kankan fún un, torí kò sí ìlò ẹ̀tọ́ kankan. Ọjà fàyàwọ́ ló ti wọlé. Àwọn ilé ìtajà ńlá ní Jámánì dá ẹrù padà, iye owó wó lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ Almería ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló jọ mí lójú. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò kan lè pa kòkòrò kejì, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ kò pọ̀. Wàyí o, wọ́n ń ra Orius laevigatus, kòkòrò kan tí kò tó ìrẹsì, nínú ìgò, wọ́n sì ń wọ́n ọn sórí tàtàṣé bí ẹni wọ́n iyọ̀, kó máa pa àwọn kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa oje òdòdó. Wọ́n ń so àpò Amblyseius swirskii kọ́ ẹ̀ka, ohun kékeré bí erùpẹ̀ tó ń jẹ ẹyin kòkòrò funfun. Láàárín ọdún díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oko tàtàṣé ibẹ̀ ló ti bọ́ sí i. Ẹni tó bá ti tú kòkòrò tó fowó rà sínú ilé kò tún lè fín oògùn bó ṣe wù ú, torí yóò pa òṣìṣẹ́ ara rẹ̀. Nọ́ńbà kò kọ́ wọn ní ìwà yìí tààrà. Owó tó sọnù ló kọ́ wọn, nọ́ńbà ló sì jẹ́ kí owó sọnù.

Wọ́n ti wọn àwa náà rí. Ní oṣù Kẹfà 2015, Yúróòpù ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọlé mọ́. Dichlorvos ni wọ́n rí, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọtapíápíá. Èyí tó wà nínú ẹ̀wà tí wọ́n dá padà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò, nígbà tí òfin wọn jẹ́ 0.01. Ìfòfindè náà kò kúrò lẹ́yìn ọdún kan. Wọ́n ń fi kún un ni. Nílé, NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lójú ọjà ní 2019.

Ọ̀pọ̀ nínú wa bínú sí 0.01 yẹn. Ó kéré jù, wọ́n ní, kí wọ́n ṣáà lè lé wa ni. Ó kéré lóòótọ́: apá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ni, bí ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì. Ṣùgbọ́n eku kankan kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ní òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2008, òun ni wọ́n ń kọ síbi tí wọn ò bá ti kọ nọ́ńbà mìíràn. Ohun tí ẹ̀rọ láàbù lè rí dáadáa ló jẹ́, nítorí náà ìtumọ̀ rẹ̀ ni “kò yẹ kó sí níbẹ̀ rárá.” Bí ẹ̀rọ sì ṣe ń ríran sí i ni ojú òfin ń là. Ní 2003, Michelangelo Anastassiades àti Steven Lehotay pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀nà àyẹ̀wò kan jáde: wọ́n á lọ ẹ̀fọ́ kúnná, wọ́n á dà á sínú túùbù pẹ̀lú èròjà olómi kan àti iyọ̀, wọ́n á mì ín. Ó yá, kò wọ́n, àyẹ̀wò kan ṣoṣo sì lè wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún oògùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń fi ọtapíápíá sínú àpò ẹ̀wà kò gbọ́ pé irú túùbù bẹ́ẹ̀ ti dé. Sí mi, 0.03 àti 4.6 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kan náà: èkíní lè jẹ́ ti àpò tí wọ́n fi kó nǹkan mìíràn rí, èkejì jẹ́ ìlọ́po 460, ọwọ́ ẹnì kan ló bù ú.

Ohun kan tó ń dùn mí nínú ìṣirò ti ikùn ni àwo ẹni tí wọ́n ń lò. WHO pín ayé sí agbo 17 nípa bí wọ́n ṣe ń jẹun, kí wọ́n lè mọ iye tòmátì tàbí ata tó ń wọ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dára ju kí wọ́n fi àwo ará Geneva wọn gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n agbo kan gba orílẹ̀-èdè púpọ̀ mọ́ra. Ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ata láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí tòmátì, tàtàṣé àti rodo sì wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣé àárín agbo náà lè sọ ọ́? Ó yẹ kí ẹnì kan nílùú wa wọn àwo tiwa, ní ilé kọ̀ọ̀kan, ní Ìbàdàn àti ní Òkè-Ògùn, kó sì gbé e lọ sí ìpàdé wọn.

Ní ti fífọ̀, wọ́n máa ń bi mí léèrè iyọ̀ àti fínígà. Nọ́ńbà òfin ti gbà pé ẹnikẹ́ni ò ní fọ̀ ọ́, nítorí náà ohun tí ẹ bá fọ̀ dànù, èrè ni. Omi tó ń ṣàn àti ọwọ́ tó ń ra ara rẹ̀ á kó èyí tó wà lójú awọ lọ púpọ̀. Fún oògùn tó bá ti bá oje igi wọnú, bí imidacloprid tí wọ́n máa ń dà mọ́ omi ẹsẹ̀ igi, ẹ lè fi í sínú fínígà mọ́jú, inú ẹran kùkúńbà ló wà.

Ṣé kí n sọ ohun tí èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ náà? A jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, a kó gbogbo ìgò rẹ̀ síta, mo ń kà, ó ń fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sórí sálótéèpù. Ọ̀kan jẹ́ 14, méjì jẹ́ 7, ọ̀kan jẹ́ 3, ọ̀kan jẹ́ 1. Ó wò wọ́n títí. Ó ní kò yé òun tẹ́lẹ̀ pé oògùn náà ní ìgbà tirẹ̀: èyí tó jẹ́ 14 kó jẹ́ ti ìgbà tí kùkúńbà ò tíì yọ òdòdó, èyí tó jẹ́ 1 kó jẹ́ ti ìgbà tó ń ká a. Ó tún lọ wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí nẹ́ẹ̀tì ti ya tó àtẹ́lẹwọ́, tí kòkòrò ń gbà wọlé. Nínú gbogbo wàhálà tí a bá nílẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú ló lè yanjú ìyẹn.

Ti èyí tó fín láàárọ̀ yẹn ló kù, àti ẹni tó ti fowó sílẹ̀. Mi ò dá sí i, owó rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí. Ó ní òun ti bẹ oníbàárà, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun á fún un ní tirẹ̀. Ó ní òun ti ká àwọn tó ti tóbi jù, òun sì dà wọ́n sí ẹ̀yìn ilé. Mo ń gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn rẹ̀, mo bi í pé kí ni.

“Ewúrẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Mò ń lé e.”